Sísọ ìwé tí ó ní àmì Yorùbá di PDF: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń ṣe ìwé ètò ìnáwó ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lemọ́lemọ́. Mo tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó ta kókó, kí olúkúlùkù lè lọ tààrà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn án.

Kí ni PDF, kí sì ni ìdí tí a fi ń sọ ìwé di PDF?

PDF jẹ́ irú fáìlì kan tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé tí a mọ̀ sí ISO 32000 ní ọdún 2008. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ojú ìwé rí bákan náà lórí ẹ̀rọ yòówù tí a bá fi ṣí i. Bí ìlà ṣe tò, bí àwòrán ṣe jókòó àti bí lẹ́tà ṣe rí kò gbọdọ̀ yí padà, yálà Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣí i tàbí London. Fáìlì Word kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé fọ́ǹtì (àkójọ ìrísí lẹ́tà) tí ó bá wà lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó ṣí i ni yóò lò, èyí tí ó lè yàtọ̀ sí tiyín pátápátá.

Ṣùgbọ́n PDF kì í tún ìwé ṣe. Bí lẹ́tà bá ti ní àléébù nínú ìwé tí ẹ kọ, àléébù náà ni PDF yóò dì mọ́ra, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kí a tó sọ ìwé di PDF rárá ni a ti gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.

Kí ló fà á tí lẹ́tà Yorùbá fi máa ń dàrú, tí ti Gẹ̀ẹ́sì kì í dàrú?

Ohun méjì ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi dá a mọ̀, àti àwòrán tí fọ́ǹtì yà fún nọ́ńbà náà. Unicode ni ètò tí ó pín nọ́ńbà fún lẹ́tà àwọn èdè ayé. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD, ti ṣ sì ni 1E63. Kò sí fọ́ǹtì tí a fi ń kọ ìwé lójoojúmọ́ tí kò ní àwòrán fún a, b, d. Àwọn tí kò ní àwòrán fún ṣ kò níye.

Ohun tí ó tún mú tiwa le ni pé á àti à ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ti lẹ́tà tí ó ní àmì abẹ́ ni yóò ṣáájú, ti àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e, èyí tí í ṣe 0301 fún ohùn òkè àti 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Ẹ wo owó, ọwọ́, òwò, ọwọ̀, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀. Bí àmì bá bọ́ dànù, gbogbo wọn di "owo", òǹkàwé yóò sì máa méfò ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ.

Báwo ni mo ṣe lè tẹ àwọn lẹ́tà náà bí ó ti yẹ?

Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀, ẹ lè fi kún un níbi ètò èdè. Keyman, ètò kíbọ́ọ̀dù, náà ní ti Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, sì ní i lórí fóònù. Bí lẹ́tà kan péré ni ẹ nílò nínú Word ti Windows, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ sì tẹ X: 1ECD yóò di ọ. Bí ẹ bá tún tẹ 0300 tẹ̀ lé e tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, yóò di ọ̀.

Fọ́ǹtì wo ni ó dára jù fún Yorùbá?

Àwọn tí mo fi ọkàn tán jù ni Charis SIL, Doulos SIL àti Gentium, tí àjọ SIL ṣe fún àwọn èdè tí ó ní àmì púpọ̀, àti Noto Serif pẹ̀lú Noto Sans tí ó ti ọ̀dọ̀ Google wá. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì gba ni láyè láti kó wọn mọ́ inú PDF. Times New Roman, Arial, Calibri àti Cambria tí ó wà lórí Windows òde òní náà ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n irú wọn tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ kò mọ bí a ti ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ àti ọ.

Ẹ má ṣe tìtorí pé fọ́ǹtì kan rẹwà lu ojú ìwé yín pa. Àwọn fọ́ǹtì onídàrà tí wọ́n ń lò fún ìwé ìpè ìgbéyàwó ni ó máa ń kùnà jù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fi fọ́ǹtì náà kọ gbólóhùn yìí kí ẹ sì wò ó fínnífínní: "Ẹ̀ṣọ́ ńlá, ǹjẹ́ òǹkọ̀wé Ọ̀ṣun ti fi ìṣọ̀tẹ̀ sílẹ̀?" Nítorí àwọn lẹ́tà tí ó kó jọ ni mo ṣe ṣe é: lẹ́tà ńlá tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ṣ, ń, ǹ, àti "ti" pẹ̀lú "fi" tí ìṣòro tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Báwo gan-an ni mo ṣe máa sọ ìwé náà di PDF?

Nínú Word, ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà Save As, kí ẹ yan PDF níbi irú fáìlì. Nínú LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, File ni ẹ óò tẹ̀, lẹ́yìn náà Export As, kí ẹ yan Export as PDF. Nínú Google Docs, File ni, lẹ́yìn náà Download, kí ẹ yan PDF Document.

Bí Word bá gbé àpótí rẹ̀ síwájú yín, ẹ tẹ Options kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó kà pé "Bitmap text when fonts may not be embedded". Ohun tí ó ń sọ ni pé bí ẹni tí ó ni fọ́ǹtì kò bá gbà kí a kó o mọ́ inú fáìlì, Word yóò ya ọ̀rọ̀ náà ní àwòrán. Yóò hàn lójú, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé wá, kò sì ní ṣeé dà kọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Nínú Google Docs lórí Android, ẹ tẹ àmì róbótó mẹ́ta tí ó wà lókè, ẹ yan Share & export, lẹ́yìn náà Save as, kí ẹ yan PDF. Ohun kan tí mo máa fi kún un ni pé kí ẹ yan fọ́ǹtì tí ó mọ Yorùbá kí ẹ tó ṣe é. Fóònù máa ń dọ́gbọ́n yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín, ìwé náà yóò sì jáde pẹ̀lú lẹ́tà oríṣi méjì.

Ṣé bákan náà ni Save As àti Print to PDF?

Wọn kì í ṣe bákan náà, bí ojú ìwé tilẹ̀ jọ ara wọn. Print máa ń ṣe bí ẹni ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: bí ojú ìwé ṣe máa rí lórí bébà nìkan ni ó kàn án. Ìlíǹkì inú ìwé, àkòrí tí ó yẹ kí ó di atọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé àti àkọsílẹ̀ èdè tí a fi kọ ìwé kì í sábà tẹ̀ lé e. Save As tàbí Export ni kí ẹ máa lò, kí ẹ fi Print sílẹ̀ fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé PDF náà dára kí n tó fi ránṣẹ́?

Ẹ má ṣe gba ojú nìkan gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fẹ ojú ìwé náà dé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ wo orí àti ìdí lẹ́tà, pàápàá nínú àkòrí àti orúkọ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ da ìpínrọ̀ kan kọ láti inú PDF náà sínú Notepad tàbí sínú ìméèlì. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ ìwárí, ẹ̀rọ akàwé àti ẹni tí ó fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yín yọ yóò rí. PDF kan lè gún régé lójú kí inú rẹ̀ sì jẹ́ kìkì rúdurùdu.

Ní ìparí, ẹ fi Adobe Reader ṣí i, ẹ wọ Properties, kí ẹ tẹ Fonts. Ó yẹ kí ẹ rí "Embedded Subset" tàbí "Embedded" níwájú orúkọ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń sọ pé fọ́ǹtì náà wà nínú fáìlì. Bí ẹ bá rí orúkọ fọ́ǹtì tí ẹ kò yàn rárá, lẹ́tà kan wà tí fọ́ǹtì yín kò ní, tí wọ́n bá yín yá níbòmíràn.

Àpótí òfìfo ni ó ń hàn níbi tí ṣ tàbí ǹ yẹ kí ó wà, ṣùgbọ́n ẹ àti ọ ń hàn. Kí ló dé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé kọ̀ǹpútà wọn ló bàjẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ àti ọ wà nínú èdè Vietnam pẹ̀lú, nítorí náà fọ́ǹtì tí a ṣe tí ó gba àwọn ará Vietnam lálejò ti gba àwa náà ní ìdajì. Ṣ kò sí nínú èdè wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ń wà nínú èdè àwọn ará Poland, ó sì wọ́pọ̀ nínú fọ́ǹtì, ṣùgbọ́n ǹ ṣọ̀wọ́n. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti nílò lẹ́tà kan náà pẹ̀lú wa ni a ti ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ibi tí kò bá sì sí ẹlòmíràn, àpótí òfìfo ni yóò bọ́ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ yan gbogbo ìwé náà pátá kí ẹ yí i sí fọ́ǹtì tí ó péye. Nọ́ńbà lẹ́tà wà nínú fáìlì láìbàjẹ́, àwòrán rẹ̀ ni kò sí. Ẹ kò ní láti tún un tẹ̀.

Àmì ohùn ń fò kúrò lórí lẹ́tà, tàbí ó ń gé lórí. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó bá jẹ́ pé ó fò sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wò ó bóyá fọ́ǹtì méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti WhatsApp tàbí láti íntánẹ́ẹ̀tì: ọ lè jẹ́ ti Calibri kí àmì tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti fọ́ǹtì mìíràn, àwọn méjèèjì kò sì ní í gbọ́ ara wọn yé. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀, kí ẹ fún un ní fọ́ǹtì kan ṣoṣo.

Bí ó bá jẹ́ pé orí àmì ló gé, pàápàá lórí Ẹ̀ àti Ọ̀ ńlá, àlàfo ìlà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí Line spacing nínú Word bá wà ní Exactly, kò sí àyè fún ohun tí ó ga ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ gbé e sí At least tàbí Multiple. Ìwé Yorùbá nílò àlàfo tí ó tóbi díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà ni a ń lò.

Ó dára lórí ẹ̀rọ mi, ó dàrú nílé ìtẹ̀wé. Ta ló jẹ̀bi?

Ó lè jẹ́ ẹ̀yin, bí fáìlì Word bá ni ẹ gbé lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an rí. Mo gbé ìwé ètò ìsìnkú lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú gẹ́gẹ́ bí fáìlì Word, fọ́ǹtì tí mo lò kò sí lórí ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rọ náà sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti tẹ 200 ẹ̀dà kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé àmì ohùn tí ó yẹ kí ó wà lórí ọ nínú orúkọ olóògbé ti lọ jókòó sórí n tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ olóògbé ló kọ́kọ́ rí i, ó sì dùn mí títí di òní. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ohun mìíràn lọ sílé ìtẹ̀wé bí kò ṣe PDF.

Ṣùgbọ́n PDF náà lè dàrú níbẹ̀ bí wọ́n bá tún un ṣí nínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, láti tò ó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ti ń ṣe. Bí CorelDRAW bá ń gba PDF wọlé, yóò bèèrè bóyá kí òun mú ọ̀rọ̀ wọlé bí Text tàbí bí Curves. Bí wọ́n bá yan Text tí fọ́ǹtì kò sì sí lórí ẹ̀rọ, yóò fi òmíràn dípò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yan Curves, èyí tí yóò sọ lẹ́tà di àwòrán tí kò lè yẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè ẹ̀dà kan láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ èyí tí ó kù.

Mo ṣí ìwé náà, áº¹ àti á¹£ ni mo rí káàkiri. Ṣé iṣẹ́ mi ti ṣòfò?

Kò ṣòfò rárá. Inú fáìlì náà wà digbí. Nígbà tí a bá fi ọ̀nà UTF-8 kọ ẹ pamọ́, ẹyọ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa ń pín in sí. Bí ètò mìíràn bá kà á bí ẹni pé ọ̀nà àtijọ́ ti Windows ni a fi kọ ọ́, yóò ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà tí ó dá dúró: ẹ di áº¹, ṣ di á¹£, àmì ohùn ìsàlẹ̀ di Ì€.

Ẹ pa fáìlì náà dé láìfi ohunkóhun pamọ́. Bí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán bá ni, ẹ tún un ṣí láti inú Word, kí ẹ yan Unicode (UTF-8) nígbà tí ó bá bèèrè irú kóòdù tí ó jẹ́. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi rúdurùdu náà pamọ́ kí ẹ sì tún un ṣí nígbà mélòó kan, nítorí pé yóò máa pọ̀ sí i ni.

Mo fa ìlà sí abẹ́ e àti o dípò àmì abẹ́. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ìlà tí ẹ fi bọ́tìnnì Underline fà jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí ẹ fi wọ e, e náà ni ó sì wà nínú fáìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú PDF, ìlà yóò ṣubú, ọkọ̀ yóò sì di "okò". Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí kò ní ẹ àti ọ, ìlà yẹn ni àwọn bàbá wa ní, mi ò dá wọn lẹ́bi. Kò sí ìdí fún un lórí kọ̀ǹpútà mọ́.

Ìwé mi àtijọ́ ń hàn dáadáa pẹ̀lú fọ́ǹtì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí mo bá yí fọ́ǹtì padà, àmì bíi [ àti # ni mo ń rí.

Fọ́ǹtì ayé ìgbà tí Unicode kò tíì gbilẹ̀ ni ẹ fi kọ ọ́. Àwọn tí ó ṣe irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ mú àmì tí a kì í sábà lò, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ya ẹ tàbí ọ̀ sí àyè rẹ̀. Lójú, Yorùbá ni, nínú fáìlì, [ ni. PDF rẹ̀ yóò rí rèǹtè-rente, nítorí pé fọ́ǹtì náà yóò bá a wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ láéláé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá àti ìwé àkójọ ewì ló wà nínú irú túbú yìí, ó sì ń ká mi lára.

Ọ̀nà àbáyọ gba sùúrù. Ẹ ṣe tábìlì kan tí ó fi àmì kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá tí ó dúró fún, kí ẹ lo Find and Replace láti pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà ìwé náà, kì í ṣe lórí ojúlówó. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọn tí ó jẹ́ àmì méjì papọ̀ kí ẹ tó dé orí ẹyọ kan. Bí ìwé náà bá ní Gẹ̀ẹ́sì nínú, ẹ sọ fún Find pé inú fọ́ǹtì àtijọ́ náà nìkan ni kí ó ti wá, kí ó má baà ba àkámọ́ gidi jẹ́.

Mo rí ọ̀rọ̀ náà lójú, ṣùgbọ́n tí mo bá wá a nínú PDF, ó ní kò sí.

Ọ̀nà tí a lè gbà kọ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó fi àmì ohùn òkè kún un. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó fi àmì abẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0323, kún un. Ẹ̀kẹta lè tẹ e lásán kí ó fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú ènìyàn. Ètò ìwárí tí kò gbọ́n yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tí ènìyàn mẹ́rin jọ kọ, tí olúkúlùkù lo kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, ni ìṣòro yìí ti máa ń pọ̀ jù.

Unicode ní ìlànà tí ó sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, tí a ń pè ní NFC: ó máa ń mú àmì abẹ́ ṣáájú, yóò sì so ó pọ̀ mọ́ lẹ́tà. BabelPad, ètò ọ̀fẹ́ fún Windows, lè ṣe é fún ọ̀rọ̀ lásán, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, náà sì ní i. Nínú Word, ẹ lè fi Find and Replace ṣe é: ẹ fi Match case sí i, ẹ wá e^u803, kí ẹ fi ẹ rọ́pò rẹ̀, ẹ wá é^u803, kí ẹ fi ẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, s àti àwọn lẹ́tà ńlá wọn. Nọ́ńbà 803 tí ẹ rí yìí ni 0323 bí a bá kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí a ti ń ka nọ́ńbà lójoojúmọ́.

Adobe Reader ní ibì kan nínú ètò ìwárí rẹ̀ tí a ti lè ní kí ó má ka àmì sí. Yóò rí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọwọ́, yóò kó owó àti òwò náà wá.

Kí ló dé tí "ti" àti "fi" fi ń di nǹkan mìíràn bí mo bá dà wọ́n kọ láti inú PDF?

Àwọn fọ́ǹtì kan máa ń so t àti i pọ̀, tàbí f àti i, sí àwòrán kan ṣoṣo nítorí ẹwà. Calibri wà lára wọn. Bí ètò tí ó ṣe PDF kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwòrán yẹn dúró fún lẹ́tà méjì, ẹni tí ó bá dà á kọ yóò rí lẹ́tà àjèjì bíi Ɵ, tàbí kí ó má rí nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da èyí. Ní Yorùbá, ìpínrọ̀ wo ni "ti" àti "fi" kò sí? Ìwé odidi lè tìtorí rẹ̀ di aláìṣeéwá.

Nínú Word, ẹ yan gbogbo ìwé, ẹ ṣí àpótí Font, ẹ wọ Advanced, kí ẹ gbé Ligatures sí None, lẹ́yìn náà kí ẹ tún PDF náà ṣe.

Àwọn kan máa ń lo ìlà òòró kékeré lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Èwo ló tọ̀nà?

Lójú òǹkàwé, méjèèjì ló yéni, ìwé tí a fi ìlà òòró tẹ̀ kì í sì í ṣe àṣìṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà wọn yàtọ̀: 0329 ni ti ìlà òòró, NFC kò sì lè sọ ọ́ di 0323. Èrò tèmi ni pé kí a lo lẹ́tà tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn ẹ, ọ àti ṣ, nínú fáìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìlà òòró, kí ó wá fọ́ǹtì tí ó yà á bẹ́ẹ̀. Bí ìlà náà bá ti wà nínú ìwé yín, ẹ wá o^u809 kí ẹ fi ọ rọ́pò rẹ̀.

Ìlànà ìkọ̀wé Benin ni a ń lò. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún?

Ó wà. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ ohun tí a ń kọ ní ẹ àti ọ ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà wọn ni 025B àti 0254; lẹ́tà ńlá wọn ni 0190 àti 0186. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n lọ mú ε ti èdè Gíríìkì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 03B5, nítorí pé ó jọ ɛ. Bí ẹ bá yí ìwé náà sí lẹ́tà ńlá, ε ti Gíríìkì yóò di Ε tí kò yàtọ̀ sí E lásán lójú, ìtumọ̀ yóò sì fò lọ. Ẹ yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó sọ ọ́ di PDF.

Kí ló dé tí Unicode kò fi fún ẹ́ àti ọ̀ ní nọ́ńbà tiwọn?

Láti Unicode 3.1 tí ó jáde ní ọdún 2001 ni wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ fífún lẹ́tà pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun kan ṣoṣo, kí ohun tí a ti fi NFC kọ pamọ́ má baà yí padà lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún ẹ́ ní nọ́ńbà tuntun lónìí, NFC yóò tún tú u sí méjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de nọ́ńbà náà. Fọ́ǹtì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ àti áàpù fún wa.

Yunifásítì mi ní kí n gbé PDF/A wá. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?

PDF/A ni irú PDF tí a ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọdún 2005 ni ó di ìlànà ISO 19005. Ó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo fọ́ǹtì wà nínú fáìlì. Word ní i nínú Options lábẹ́ PDF/A, LibreOffice náà sì ní i lójú ìwé àkọ́kọ́ tí ó máa ń gbé síwájú yín. Ẹ fi sọ́kàn pé ìpele b rẹ̀ ń ṣọ́ ìrísí nìkan. Ìpele u àti ìpele a ló ń béèrè pé kí àwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà Unicode tirẹ̀, àwọn ni wọ́n sì wúlò jù fún Yorùbá.

Ṣé kí n fi àmì sí orúkọ fáìlì?

Mo fẹ́ràn àmì, ṣùgbọ́n mi ò kì í fi sí orúkọ fáìlì. Mac àti Windows kì í fìgbà gbogbo kọ ọ̀ bákan náà nínú orúkọ fáìlì, àwọn ojúlé kan tí a ń gbé ìwé sí kì í sì í gba orúkọ tí ó bá ní àmì. Ẹ kọ orúkọ fáìlì láìlámì, kí ẹ wọ File nínú Word, lẹ́yìn náà Info, kí ẹ kọ àkọlé ìwé náà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré sí ibi Title kí ẹ tó sọ ọ́ di PDF. Àkọlé yẹn ló ń bá ìwé rìn.

Ẹni tí kò ríran ń lo ẹ̀rọ akàwé. Kí ni mo lè ṣe fún un?

Ẹ yan gbogbo ìwé náà nínú Word, ẹ wọ Review, lẹ́yìn náà Language, kí ẹ yan Yoruba. Èyí yóò wọ inú PDF gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ èdè, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé Yorùbá ni òun ń kà, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lo Heading fún àkòrí, kí ẹ má kàn fi ọwọ́ sọ ọ́ di ńlá. Fáìlì tí a bá fi Print ṣe kò ní í ràn án lọ́wọ́.

PDF nìkan ló kù, fáìlì Word ti sọnù. Ṣé mo lè gba ìwé náà padà?

Ó dá lórí ohun tí ó wà nínú PDF náà. Bí ẹ bá lè da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ tí ó sì jáde pẹ̀lú àmì, ẹ ní kí Word ṣí PDF náà fúnra rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ìwé tí ẹ lè tún ṣe, ẹ óò kàn tún ìlà tò. Bí ó bá jáde bíi [ àti #, tábìlì ìpààrọ̀ tí mo sọ lókè ni yóò gbà yín.

Bí àwòrán bébà tí a yà ni, OCR, ìyẹn ètò tí ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, ló kù. Tesseract, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní àkójọ ẹ̀kọ́ fún Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yor. Ẹ rí i pé òun ni ẹ yàn, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ya bébà náà ní 300 dpi (iye àmì tí ó wà nínú ínǹṣì kan) ó kéré tán, nítorí pé àmì abẹ́ kéré débi pé ó rọrùn kí ẹ̀rọ kà á sí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá jókòó ti ìwé náà, kí ó fi bébà sí apá kan àti ojú kọ̀ǹpútà sí apá kejì, kí ó kà á láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn.